Ohun tó ń dá òṣùwọ̀n kaṣú dúró nígbà tí NEPA bá mú iná dé

Àǹtí mi ń ra kaṣú ní Kabba, èmi ni mo ṣe òṣùwọ̀n tó ń lò. Raspberry Pi kan, kọ̀ǹpútà kékeré, ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú chip HX711 tó ń ka ìwúwo, àti ojú kékeré tí nọ́ńbà ń hàn lórí rẹ̀. Linux, ètò tó ń darí Pi náà, ti ní driver tirẹ̀ (kóòdù tó ń bá chip sọ̀rọ̀) fún HX711 tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo lágídí, mo ní mo fẹ́ kọ́ bí kernel, ọkàn Linux, ṣe ń ṣiṣẹ́, mo bá jókòó kọ module tèmi, ìyẹn kóòdù tí a ń fi kún kernel. Inú module yẹn náà ni mo ti ní kó máa ṣọ́ iná NEPA: relay kan wà, swítìṣì tí iná fúnra rẹ̀ ń fà, tí iná bá ti dé tàbí tó lọ, kó ka agbára bátìrì inverter kó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó ṣiṣẹ́ dáadáa títí di ọjọ́ Sátidé kan. Bàbá kan kó kaṣú wá láti Isanlu. Bí àwọn ọmọ ṣe ń gbé àpò kejì lé orí irin, nọ́ńbà ń gòkè bọ̀, 12, 31, 48, ni NEPA bá mú iná dé. Gbogbo àdúgbò pariwo "Iná ti dé o!" Nọ́ńbà dúró lórí 48. Ọmọ tó ń kọ̀wé ti ń kọ 48 sínú ìwé kí ó tó fò sí 74 lójijì. Bàbá náà bojú wò mí.

"Ọmọ mi, èwo nínú méjèèjì ni tèmi?"

Àǹtí mi yára dá sí i: "Ẹ má bínú, bàbá, a ó tún un wọ̀n." A wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta, 74 ni lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí 48 lórí àpò kílò 74, ọkàn rẹ̀ kò ní balẹ̀ sí òṣùwọ̀n yẹn mọ́, mi ò sì dá a lẹ́bi.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo gbé e lọ sí yàrá mi. Mi ò lè máa dúró de NEPA kí n tó rí àṣìṣe náà, mo bá fi relay sí ara swítìṣì kan lórí inverter. Mo tẹ̀ ẹ́, nọ́ńbà dúró fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì. Mo tún un tẹ̀, ó tún dúró. Inú mi dùn, torí àrùn tó bá ń jẹ́ ìpè ti fẹ́rẹ̀ gbóògùn. Mo kọ́kọ́ rò pé iná ló ń fà sẹ́yìn nígbà tí inverter bá ń yí padà, mo fi Pi náà sórí power bank, kò sí ìyàtọ̀.

Ó wá ku kóòdù mi, callback méjì ló sì wà níbẹ̀, ti iná àti ti ìwúwo. Ohun tó ń jẹ́ callback, iṣẹ́ tí o kọ tí o fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ kernel ni: "tí wáyà yìí bá ti yí, ẹ pè mí." Ìwọ kọ́ lo ń pè é. O lè ka kóòdù rẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí o má rí ìlà kan ṣoṣo tó pè é, ibẹ̀ sì ni wàhálà rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Mo ṣe ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe, mo da printk, àṣẹ tó ń mú kernel tẹ ọ̀rọ̀ jáde, sínú rẹ̀ káàkiri. Ìdúró ìṣẹ́jú àáyá méjì fẹ́rẹ̀ di mẹ́ta! Ojú wáyà serial ni console mi, ibi tí kernel ń tẹ ọ̀rọ̀ sí, wà, ní 115200 baud (iye àmì tó ń gba wáyà kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Ìyẹn kò ju bí lẹ́tà 11,500 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìlà kan tó ní lẹ́tà 80 á sì jẹ bíi 7 ms (ms kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá). Oògùn tí mo fẹ́ fi wo àìsàn ló ń dá kún un. Mo yọ gbogbo rẹ̀, mo fi trace_printk rọ́pò rẹ̀ níbi tó pọn dandan, torí inú memory nìyẹn ń kọ̀wé sí, kò dé ojú wáyà rárá.

Lẹ́yìn ìyẹn mo ṣí perf top, irinṣẹ́ tó ń fi ohun tí CPU ń ṣe hàn. Mo fi ìdajì ọjọ́ ṣòfò nídìí rẹ̀. Ó ní CPU kò ṣe nǹkankan, pé ó ń sinmi. Báwo ni nǹkan á ṣe há nígbà tí ẹ̀rọ ń sinmi? Ó pẹ́ kí ó tó yé mi pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni perf, bí mo ṣe lò ó yẹn, ń kà. Ẹni tó jókòó tó ń retí, kò sí nínú ìwé rẹ̀.

Mo wá yà sọ́dọ̀ ftrace, irinṣẹ́ tó ń kọ ohun tí kernel ń ṣe sílẹ̀, tó ti wà nínú Linux láti 2.6.27 ní ọdún 2008. Mo ní kó máa ṣọ́ workqueue, ìlà tí àwọn iṣẹ́ ń tò sí de kernel, kò sì sí ohun tí mo nílò láti fi sórí ẹ̀rọ:

cd /sys/kernel/tracing
echo 1 > events/workqueue/enable
echo > trace

Mo tẹ swítìṣì, mo ka trace. Orúkọ callback iná ni ina_fn, ti ìwúwo ni wuwo_fn. Mo gé àwọn ìlà náà kúrú; nọ́ńbà iwájú ni àkókò ní ìṣẹ́jú àáyá, queue_work ni pé iṣẹ́ wọ ìlà, execute_start ni pé ó bẹ̀rẹ̀:

812.404 queue_work ina_fn
812.404 execute_start ina_fn
812.405 queue_work ina_fn
812.431 queue_work wuwo_fn
814.550 execute_start wuwo_fn

Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì ni ina_fn wọlé o, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni, láàárín 6 ms. Wuwo_fn dé ní 812.431, kò sì rí àyè títí di 814.550. Nígbà tó wá rí àyè, iṣẹ́ rẹ̀ kò tó 1 ms. Ó dà bí obìnrin tó gbé ife ata kan wá sí ìdí ẹ̀rọ ìlọta, tó bá agbada ẹ̀wà mọ́kànlá níwájú, tí ẹ̀rọ sì jẹ́ ẹyọ kan. Èmi fúnra mi ni mo fi alloc_ordered_workqueue ṣe ìlà kan ṣoṣo fún àwọn méjèèjì, nítorí mo rò pé ó mọ́ létòlétò bẹ́ẹ̀.

Ó ku kí n mọ ìdí tí agbada kọ̀ọ̀kan fi ń pẹ́.

echo ina_fn > set_graph_function
echo function_graph > current_tracer

Function_graph, apá ftrace tó ń fi iye àkókò tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbà hàn, máa ń fi àmì sí ẹ̀gbẹ́ ohun tó bá pẹ́, àmì @ sì túmọ̀ sí pé ó ti kọjá 100 ms. Ẹ̀gbẹ́ ina_fn ló wà, pẹ̀lú nǹkan bí 195 ms. Nínú rẹ̀, msleep (àṣẹ ìdúró) mẹ́jọ tò tẹ̀ léra, ọ̀kọ̀ọ̀kan bíi 24 ms. Msleep(20), ìdúró 20 ms, ni mo kọ. HZ kernel mi, iye ìṣísẹ̀ aago rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, jẹ́ 250, ìṣísẹ̀ kan jẹ́ 4 ms, kernel sì máa ń fi ìṣísẹ̀ kan lé e kó má bàa jí ọ kí àkókò tó pé. Chip ADS1115 tó ń ka bátìrì, ìwọ̀n 128 ló ń ṣe ní ìṣẹ́jú àáyá kan bí o kò bá yí i padà, bíi 8 ms péré ni ó nílò. Ìbẹ̀rù ló kọ 20 yẹn.

Ìdí tí ó fi jẹ́ mọ́kànlá sì nìyí: ẹnu relay kì í pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó máa ń gbọ̀n kí ó tó dúró. Gbígbọ̀n kọ̀ọ̀kan jẹ́ interrupt, ìpè tí wáyà ń pe kernel, mo sì ń fi kmalloc gba àyè memory fún iṣẹ́ tuntun fún ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ìṣẹ̀lẹ̀ kankan má bàa sọnù. Iná dé lẹ́ẹ̀kan, èmi kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà mọ́kànlá.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gba alẹ́ kan. Mo yọ kmalloc, mo lo delayed_work, iṣẹ́ tó ń dúró kí àkókò rẹ̀ pé, ẹyọ kan pẹ̀lú mod_delayed_work sí 50 ms, kí gbígbọ̀n kọ̀ọ̀kan máa ti aago síwájú títí relay á fi dákẹ́. Mo fún iná ní ìlà tirẹ̀, ìwúwo ní tirẹ̀. Mo fi usleep_range(8000, 9000), ìdúró 8 sí 9 ms, rọ́pò msleep. Nígbà tí mo fẹ́ rmmod, ìyẹn kí n yọ module náà kúrò, kernel ké Oops, igbe àṣìṣe rẹ̀! Interrupt ń ti iṣẹ́ sórí ìlà tí mo ti wó. Free_irq, tó ń pa interrupt, ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, kí cancel_delayed_work_sync, tó ń fagi lé iṣẹ́ tó kù, tẹ̀ lé e, kí destroy_workqueue, tó ń wó ìlà, wá gbẹ̀yìn.

Mo tún trace náà ṣe: ina_fn wọlé lẹ́ẹ̀kan, bíi 70 ms. Nínú gbogbo ìgbà tí mo tẹ swítìṣì lálẹ́ yẹn, wuwo_fn kò dúró ju 0.4 ms lọ.

Bàbá ará Isanlu padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì. "Òkun o," ni ó fi kí wa, ó sì dúró ti òṣùwọ̀n láìjẹ́ kí ọmọ kankan gbé àpò. Mo mú swítìṣì jáde, mo ní kí bàbá bá mi tẹ̀ ẹ́ bí ó bá ṣe wù wọ́n nígbà tí àpò bá ń gun orí irin. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà mẹ́fà tàbí méje, ojú wọn kò kúrò lórí nọ́ńbà. Ó lọ sí 69 láìdúró.

"Ẹ gbé èkejì wá," ni wọ́n sọ fún àwọn ọmọ. Wọn kò dá swítìṣì náà padà fún mi títí àpò fi tán.