Kárafáànù Tó Ń Jò: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn olóúnjẹ tó ra kárafáànù tòkunbọ̀, ìyẹn ilé onítáyà tí mọ́tò máa ń fà, tí wọ́n sọ ọ́ di ilé ìdáná, ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń pè mí wá ṣàtúnṣe nígbà òjò. Àwọn kan sì wà tó ń gbé inú rẹ̀ lórí ilẹ̀ tí wọn ò tíì kọ́. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí: omi.

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Omi ń kán sórí tábìlì tí mo ti ń gé ẹran ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Yábàá. Ọmọ mi gun òkè, kò rí ihò kankan lókè ibẹ̀. Ibo ló ń gbà wọlé?

Màmá, ẹ kú wàhálà. Ẹ má wulẹ̀ wá ihò lókè tábìlì. Igi ni wọ́n fi ṣe egungun púpọ̀ nínú àwọn kárafáànù yìí, kí wọ́n tó fi alumíníọ́ọ̀mù tàbí fáíbà bò ó. Bí omi bá ti yọ́ wọ abẹ́ òrùlé, orí igi yẹn ni yóò máa tọ̀ lọ títí yóò fi bá ihò wáyà tàbí ibi tó dagun. Ibẹ̀ ni yóò ti kán. Ó lè gba iwájú wọlé kó sì jáde nítòsí ilẹ̀kùn. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ọkọ̀ náà jókòó dọ́gba, kí ẹ wá tọ ipa omi padà sí apá ibi tó ga.

Ẹ yẹ etí fèrèsé orí òrùlé wò, àti ìdí páìpù afẹ́fẹ́, ibi tí òrùlé ti pàdé ògiri, àti ìdí àwọn iná ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fura sí jù ni irin gbọọrọ ẹ̀gbẹ́ òkè tí wọ́n ń so tapólì kọ́. Sìkúrúù kún ara rẹ̀, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló sì bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ẹ fa rọ́bà náà yọ. Bí ẹ bá rí sìkúrúù tí orí rẹ̀ ti jẹ tán, tí omi pupa yí ihò rẹ̀ ká, tó sì ń yí lófo nígbà tí ẹ fi sìkúrúdiráfà kàn án, igi tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti rà nìyẹn. Etí ọ̀sà àti òkun la wà l'Ékòó. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ kì í jẹ́ kí irin pẹ́.

Ìbéèrè: Òjò ti dá láti inú oṣù kẹjọ. Ṣé mo lè rí ibi tó ń jò láìsí òjò?

Ìgbà yẹn gan-an ló dáa jù, kí ti oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá tó dé. Pa iná NEPA àti jẹnẹrétọ̀, kí ẹnì kan wà nínú pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí ìwọ mú họ́ọ̀sì. Ìsàlẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, àbúrò. Da omi sí etí fèrèsé fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó o tó lọ sókè sí ojú mìíràn. Bó o bá bẹ̀rẹ̀ látòkè, omi á ṣàn kọjá gbogbo ojú ìsopọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, o ò sì ní mọ èyí tó jẹ̀bi. Má lo ẹ̀rọ àwọn tó ń fọ mọ́tò o. Agbára rẹ̀ máa ń ti omi wọ ibi tí òjò kò lè dé.

Ìbéèrè: Mo ti fi sílíkónì kun gbogbo etí fèrèsé, ó ṣì ń jò. Ṣé kí n tún kun ún sí i?

Rárá o. Owó lẹ fẹ́ dà nù. Sílíkónì tuntun kì í lẹ̀ dáadáa mọ́ ti àtijọ́, gọ́ọ̀mù mìíràn ò sì ní fẹ́ lẹ̀ mọ́ ibi tó ti kan. Yàtọ̀ sí ìyẹn, lẹ́yìn etí fèrèsé ló yẹ kí gọ́ọ̀mù wà, láàárín òun àti ògiri, kì í ṣe lójú nìkan.

Ẹ tú sìkúrúù, kí ẹ yọ fèrèsé náà jáde. Ẹ fi pákó tàbí ike pẹlẹbẹ ha ògbólógbòó gọ́ọ̀mù kúrò, torí ọ̀bẹ á ya ara ọkọ̀. Ẹ fi spírítì nù ún, kó gbẹ. Gọ́ọ̀mù butyl ni kí ẹ wá rà, èyí tó dúdú tàbí tó rí bí eérú, tí wọ́n ká bíi téèpù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta nǹkan òrùlé ní Òrílé. Ẹ tò ó yípo, kó kọjá lórí gbogbo ihò sìkúrúù, kí ẹ dá fèrèsé padà, kí ẹ sì máa dè é díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Gọ́ọ̀mù á máa yọ jáde. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí oòrùn pa á, kí ẹ tún un dè, lẹ́yìn náà kí ẹ gé èyí tó yọ.

Bí òrùlé yín bá jẹ́ rọ́bà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kẹrosíìnì, pẹtiróòlù tàbí ọ̀dà títì kàn án. Á wú, á sì bàjẹ́.

Ìbéèrè: Pọ́ǹpù omi máa ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ lóru, bẹ́ẹ̀ a ò ṣí táàpù.

Agbára omi inú páìpù ló ń lọ sílẹ̀. Yálà ibì kan ń sun, tàbí fáàfù tó yẹ kó dá omi dúró kó má padà sí táǹkì ti bàjẹ́. Ẹ wé tíṣù funfun mọ́ ojú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan, lábẹ́ síǹkì, lẹ́yìn ilé ìgbẹ́ àti nídìí ẹ̀rọ tó ń gbóná omi. Èyí tó bá rin ni. Gbígbọ̀n tí ọkọ̀ gbọ̀n nínú kòtò láti Àpápá dé Òṣòdì nìkan tó láti tú àwọn ìsopọ̀ oníke yẹn. Bí gbogbo tíṣù bá gbẹ títí ilẹ̀ fi mọ́, fáàfù ni. Kí ẹ tó tún un ṣe, ẹ máa pa pọ́ǹpù kí ẹ tó sùn.

Ìbéèrè: Ògiri mi ń rin, òrùlé sì dáa. Kí ló fà á?

Ó lè jẹ́ ooru ọbẹ̀ àti èémí ènìyàn ló pàdé ògiri tí AC ti mú tutù. Ẹ gé ọ̀rá tó mọ́ kedere, kí ẹ fi téèpù lẹ gbogbo etí rẹ̀ mọ́ ibẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ nu ògiri gbẹ. Lọ́jọ́ kejì, bí omi bá wà lójú ọ̀rá, láti inú yàrá ló ti wá: ẹ ṣí fèrèsé, ẹ máa tan fáànù tó ń fa èéfín nígbà tí ẹ bá ń dáná. Bó bá wà lẹ́yìn ọ̀rá, inú ògiri ló ti ń bọ̀.

Bí omi bá sì ń kán kìkì nígbà tí AC orí òrùlé ń ṣiṣẹ́, ẹ wo ihò tí omi rẹ̀ ń gbà jáde. Ìdọ̀tí ló sábà máa ń dí i.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ ra ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn tó ń kó wọn wọlé. Kí ni kí n wò?

Ẹ lọ lẹ́yìn òjò ńlá. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ gbogbo igun inú rẹ̀ àti abẹ́ fèrèsé. Ibi tó bá rọ̀, tó wọlé lábẹ́ ìka, páálí ibẹ̀ ti jẹrà. Ẹ fi imú yín gbóòórùn inú kọ́bọ́ọ̀dù. Bí wọ́n bá lẹ bébà tuntun mọ́ igun kan ṣoṣo, ẹ béèrè ìdí. Tí ẹni tó ń tà á kò bá sì jẹ́ kí ẹ gbé tìmùtìmù àga sókè kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀, ẹ kí i pé ó dàárọ̀, kí ẹ máa lọ.