Bí A Ṣe Ń Fi Ìṣàkóso Òṣìṣẹ́ Mú Ọ̀nà Tuntun Wọ Ilé-Iṣẹ́ Ìjọba

Bí ènìyàn bá gbéra láti Ìkìrun wá sí ọ́fíìsì ìjọba kan ní Òṣogbo, tí wọ́n sì ní kí ó lọ kí ó padà wá lọ́la nítorí pé ẹni tí fáìlì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò wá síbi iṣẹ́, ohun tí olórí irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ sábà máa ń rò ni pé kí òun ra kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà dára, ṣùgbọ́n bí ọ̀nà tí à ń gbà kọ́ òṣìṣẹ́, tí à ń gbà gbé e ga, tí a sì ń gbà fi í síbi iṣẹ́ kò bá yí padà, “ẹ lọ, ẹ padà wá lọ́la” kan náà ni aráàlú yóò máa gbọ́ lẹ́yìn ẹ̀rọ tuntun. Ẹni tó ń darí ẹ̀ka kan ni mo ń bá sọ̀rọ̀, ì báà jẹ́ ní sẹkitéríàtì Abẹ́rẹ́, ì báà jẹ́ ní ọ̀kan nínú ìjọba ìbílẹ̀ 30 tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní ni kí ẹ jókòó ti àwọn òṣìṣẹ́ tó ń dá aráàlú lóhùn lójú fèrèsé. Àwọn àgbà ní ohun tí àgbà fi orí ìjókòó rí, bí ọmọdé gun orí igi kò lè rí i. Ní ọ́fíìsì, mo rò pé òdìkejì rẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́ òtítọ́. Ẹ bi wọ́n léèrè ìwé wo ni à ń béèrè lọ́wọ́ aráàlú tó ti wà nínú fáìlì wa tẹ́lẹ̀, àti ọ̀dọ̀ ta ni ìwé ti máa ń pẹ́ jù. Ẹ má ṣe bi wọ́n lójú ọ̀gá tó wà lókè wọn, nítorí pé ọmọ tí a kọ́ nílé kò ní sọ lójú ọ̀gá pé tábìlì ọ̀gá ni iṣẹ́ ti ń dúró. Bí ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ bá ni yín, ìwé ẹ̀sùn tó wà lọ́dọ̀ SERVICOM, àjọ tó ń gba ẹ̀sùn aráàlú lórí iṣẹ́ ìjọba, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 2004, yóò ràn yín lọ́wọ́.

Ìgbanisíṣẹ́ kì í sábà sí lọ́wọ́ olórí ẹ̀ka, nítorí náà n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀: bí ẹ bá ń béèrè òṣìṣẹ́, ẹ kọ irú iṣẹ́ tí yóò ṣe sílẹ̀, kì í ṣe iye ènìyàn nìkan.

Ìgbésẹ̀ kejì ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Èyí tí a ń ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì, tí olúkúlùkù ń gbé báàgì àti báírò bọ̀ láti ibẹ̀, kì í sábà yí ohunkóhun padà. Ẹ mú ìṣòro kan tí àwọn ará ojú fèrèsé dárúkọ, kí ẹ kọ́ òṣìṣẹ́ méjì ní ohun tí yóò yanjú rẹ̀, kí ẹ sì fún wọn láyè láti dán an wò.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni ìgbéga, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wà jù. Ní ìlànà iṣẹ́ ìjọba, ẹni tó wà láàrin ìpele 07 sí 14 gbọ́dọ̀ lo ọdún 3 kí ìgbéga tó tọ́ sí i. Láti ìpele 15 lọ sókè, ó di ọdún 4. Bí ó bá jẹ́ ọdún nìkan ni à ń kà, ẹni tó dán ọ̀nà tuntun wò tí kò bọ́ sí i yóò gba ìwé kúérì, ẹni tó káwọ́ gbera yóò sì gba ìgbéga rẹ̀ lásìkò. Ta ni kò ní káwọ́ gbera? Ìgbìmọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ní kí ó yẹ iṣẹ́ ìjọba wò, tí Jerome Udoji darí, ti dábàá ní ọdún 1974 pé kí a máa fi àbájáde iṣẹ́ wo òṣìṣẹ́. Àfikún owó oṣù tí ìgbìmọ̀ náà tún dábàá, tí àwọn òbí wa pè ní owó Údójì, ni gbogbo ayé rántí, àbá yòókù di ohun ìgbàgbé. Ohun tó wà lọ́wọ́ yín ni fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò iṣẹ́ ọdọọdún. Ẹ má kọ “òṣìṣẹ́ dáadáa ni” sínú rẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ó yí padà àti iye ọjọ́ tí ó fi dín ìdúró aráàlú kù. Kí ìdánwò kankan tó bẹ̀rẹ̀, ẹ buwọ́ lu ìwé kan tó sọ ohun tí a fẹ́ dán wò, ẹni tí yóò ṣe é àti ọjọ́ tí yóò parí, kí àṣìṣe inú rẹ̀ má baà di ẹ̀sùn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin ni ìṣípòpadà. Ọ̀nà tuntun tó wà lórí ẹnì kan ṣoṣo yóò bá a lọ lọ́jọ́ tí ìwé trànsífà bá dé, tàbí lọ́jọ́ tí ó bá pé ọmọ 60 ọdún tàbí tí ó lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ ka iye ọdún tó kù fún olúkúlùkù, kí ẹ sì jẹ́ kí ó kọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí yóò gbà á.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ ka iye ìgbà tí ẹnì kan ń wá kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó yanjú. Bí kò bá dín, ẹ padà síbi fèrèsé, kí ẹ tún bi wọ́n léèrè.