Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nípa Ibi Tí A Ń Dúró Sí Láti Wo Ìjì àti Láti Ya Fọ́tò Mànàmáná

Bí òjò bá ti ṣú, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn ni kí wọ́n sáré gun òkè, tàbí kí wọ́n kó sínú mọ́tò kí wọ́n lọ bá ìjì níbi tó wà. Àṣìṣe ni méjèèjì. Wọ́n máa ń ba fọ́tò jẹ́, wọ́n sì lè gbẹ̀mí èèyàn. Ibi tó dára láti wo ìjì ni ibi tí ojú ti ń ríran jìnnà, tí ilé tàbí mọ́tò onírin ò jìnnà sí, tí ọ̀nà sì wà láti tètè kúrò. Kò sí òkè gíga nínú ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí.

Sísún mọ́ ìjì jù

Àwọsánmà tó ń sán àrá sábà máa ń ga tó kìlómítà 10 sí 15. Ẹni tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ kò ní rí ju ìsàlẹ̀ tó dúdú àti òjò lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí àwọsánmà bá ga ní kìlómítà 15, tí ẹ sì wà ní kìlómítà 10 sí i, ẹ máa gbójú sókè tó nǹkan bí dígírì 56 kí ẹ tó rí orí rẹ̀. Lẹ́ńsì 24 mm, tó jẹ́ lẹ́ńsì tó fẹ̀, lórí kámẹ́rà full-frame (èyí tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ tóbi tó fíìmù 35 mm) kò gbà ju nǹkan bí dígírì 53 lọ láti ìsàlẹ̀ dé òkè bí ẹ bá di kámẹ́rà mú ní ìbú. Orí àwọsánmà ti gé kúrò nìyẹn, kí ilẹ̀ tó wọ inú fọ́tò rárá. Ẹ sún sẹ́yìn dé kìlómítà 30, orí kan náà yóò sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí dígírì 27: gbogbo rẹ̀ á wọlé, ilẹ̀ á wọlé, àyè á tún ṣẹ́ kù.

Jíjìnnà yìí kan náà ló ń dáàbò bò yín. A sábà máa ń gbọ́ àrá láti nǹkan bí kìlómítà 15. Mànàmáná náà sì lè ti inú ìjì jáde kó bọ́ sílẹ̀ níbi tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀, níbi tí òjò kò tíì dé, tí ojú ọ̀run ṣì mọ́ kedere. Bí etí yín bá ti gbọ́ àrá, ọwọ́ rẹ̀ ti tó yín. Ẹ wọlé, tàbí kí ẹ wọ mọ́tò.

Àwọn kan máa ń kà láti ìgbà tí mànàmáná kọ títí àrá fi sán, wọ́n á sì ka ìṣẹ́jú àáyá kan sí kìlómítà kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí mítà 340 ni ìró ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ìṣẹ́jú àáyá 3 ló ń di kìlómítà kan. Ẹni tó ka 9 tó ní ìjì ṣì wà ní kìlómítà 9, kìlómítà 3 péré ló kù sí i. Ẹ fi kíkà mọ̀ bóyá ìjì ń bọ̀ tàbí ó ń lọ. Ẹ má fi wá àyè láti pẹ́ sí i níta.

Orí òkè, abẹ́ igi, etí omi

Ohun tó bá ga jù láyìíká ni àrá sábà máa ń bá, ẹni tó dúró ṣánṣán lórí òkè pẹ̀lú tripod (ẹsẹ̀ mẹ́ta tí a ń gbé kámẹ́rà lé) onírin ló sì ga jù níbẹ̀. Etí adágún tàbí òkun rí bákan náà: ojú ń ríran dé ìpẹ̀kun, ṣùgbọ́n kò sí ohun mìíràn tó yọrí yàtọ̀ sí ẹ̀yin. Igi tó dá dúró burú jùyẹn lọ, torí pé iná àrá lè fò láti ara igi bọ́ sára ẹni tó wà nídìí rẹ̀, ó sì tún ń gba inú ilẹ̀ tàn káàkiri. Àgọ́, bálíkónì àti àtíbàbà tí kò ní ògiri kì í dá àrá dúró.

Mọ́tò onírin tó ní òrùlé irin ń dáàbò boni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló gbà pé táyà ló ń ṣe é. Rárá o. Irin tó yí èèyàn ká ló ń gbé iná gba ẹ̀yìn ìta kọjá wọ ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mọ́tò aláṣọ lórí, kẹ̀kẹ́ àti ọ̀kadà kò fi wúlò níbí, bí táyà wọn tilẹ̀ pé. Ẹ gbé gíláàsì sókè, ẹ má sì fara kan irin inú mọ́tò.

Ẹni tó bá fẹ́ lo ilẹ̀ gíga, kó wá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó kọjú sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, kó páàkì sí ìsàlẹ̀ ṣóńṣó òkè, kó sì ya fọ́tò láti inú mọ́tò. Fèrèsé ilé alájà tó kọjú sí ọ̀nà ìjì tún dára ju ìyẹn lọ, a ò sì mọ ìdí tí àwọn èèyàn fi ń fojú kéré rẹ̀. Ẹ nu gíláàsì náà nínú àti lóde kí òjò tó dé. Ẹ pa gbogbo iná yàrá, títí kan iná tẹlifíṣọ̀n tó pọ́n bíńtín. Ẹ gbé ẹnu lẹ́ńsì kan gíláàsì, kí ẹ fi aṣọ dúdú yí i ká. Bí àlàfo ìka kan bá wà láàárín wọn, òjìji ara yín àti ti yàrá á hàn nínú fọ́tò.

Àìmọ ibi tí ìjì ń lọ

Ní ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ olóoru, ìjì sábà máa ń ti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ní ilẹ̀ tó jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, ó sábà máa ń rí ní òdìkejì. Ìjì kọ̀ọ̀kan ṣì lè yà kúrò lójú ọ̀nà yẹn, nítorí náà ẹ wo àwòrán rédà (ẹ̀rọ tó ń fi ibi tí òjò wà hàn) mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó tẹ̀ léra wọn, kí ẹ sì wo aago tó wà lára wọn. Àwòrán náà lè ti pẹ́ ní ìṣẹ́jú 10. Ìjì tó ń sáré kìlómítà 60 ní wákàtí kan ti rin kìlómítà 10 láàárín ìgbà yẹn.

Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já, ẹ lo ojú. Ẹ mú etí kan lára ọwọ́ òjò, kí ẹ fi òpó tàbí igi kan tó wà lọ́ọ̀ọ́kán wọ̀n ọ́n fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bí ó bá ń sún sí òsì tàbí sí ọ̀tún, ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà kọjá. Bí kò bá sún, tó kàn ń tóbi sí i, ọ̀dọ̀ yín gan-an ló ń bọ̀.

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ìjì la fara mọ́ ju iwájú rẹ̀ lọ. Lóòótọ́, láti iwájú lèèyàn ti ń rí àwọsánmà gbọọrọ tó ń yí bọ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, àmọ́ ẹ̀fúùfù tútù ń ṣáájú òjò dé, ó sì lè gbé tripod ṣubú lójijì. Kí gbogbo ẹrù ti wà nínú mọ́tò kó tó dé. Ẹ tún ro ti oòrùn: ní ìrọ̀lẹ́, bí oòrùn bá wà lẹ́yìn yín tí ìjì wà níwájú, àwọsánmà á funfun á sì pọ́n, òṣùmàrè sì lè yọ. Bí ìjì bá wà láàárín ẹ̀yin àti oòrùn, dúdú ni gbogbo rẹ̀ máa jẹ́.

Wíwá ibi ìdúró lọ́jọ́ tí ìjì dé

Ẹ lọ wo ibẹ̀ lójú ọ̀sán, lọ́jọ́ tí ọ̀run mọ́. Wáyà iná tí ojú ò rí ní ìrọ̀lẹ́ á là fọ́tò já bí mànàmáná bá kọ. Ẹ fi kọ́ńpáàsì fóònù mọ apá ibi tí gbàgede náà kọjú sí, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì ní ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó kọjú sí apá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ onílẹ̀, ẹ tọrọ àyè.

Ẹ yẹ ọ̀nà náà wò dáadáa. Ọ̀nà amọ̀ máa ń di ẹrẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ọ̀nà tó dópin sì lè há yín mọ́. Ẹ kọ imú mọ́tò sí ọ̀nà tí ẹ máa gbà jáde, kí ẹ sì páàkì kúrò lójú títì pátápátá, torí ẹni tó ń wa mọ́tò bọ̀ nínú òjò kò ní tètè rí yín. Bí ibi kòtò bá wà láàárín yín àti ilé, ẹ yan ibòmíràn. Omi tó ń ṣàn tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 30 lè léfòó mọ́tò kékeré, èyí tó jìn ní 60 lè gbé ọ̀pọ̀ mọ́tò lọ, òjò tó fa omi náà sì lè má rọ̀ níbi tí ẹ wà rárá.

Kámẹ́rà

Autofocus, ìyẹn kí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ mú kí àwòrán hàn kedere, kì í ríran nínú òkùnkùn. Ẹ fi ọwọ́ yí lẹ́ńsì títí iná kan tó jìnnà á fi hàn kedere, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Lóru, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí) 100 sí 200, f/5.6 sí f/8 (bí ihò lẹ́ńsì ṣe ṣí tó), kí kámẹ́rà sì ṣí fún ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 20. Bí iná títì bá sọ ojú ọ̀run di pupa rúsúrúsú, ẹ dín ìṣẹ́jú àáyá náà kù sí 5. Ẹ má fa òpó àárín tripod sókè.

Àṣìṣe tó kù ni kí èèyàn palẹ̀ mọ́ ní kété tí òjò dá. Lẹ́yìn ìjì ńlá, mànàmáná sábà máa ń rákò lábẹ́ àwọsánmà tó ṣẹ́ kù, á pín ẹ̀ka kiri ojú ọ̀run, á sì pẹ́ díẹ̀ kó tó parẹ́. Lẹ́ńsì tó fẹ̀ tí ẹ gbé ojú rẹ̀ sókè ló ń mú un, ní ìṣẹ́jú àáyá 15 sí 20. Láti inú ilé tàbí mọ́tò ni kí ẹ ti yà á, títí ìṣẹ́jú 30 á fi pé lẹ́yìn àrá tí ẹ gbọ́ kẹ́yìn. Bí òmíràn bá sán, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka 30 náà láti ìbẹ̀rẹ̀.