Bí ọmọ girama ṣe lè máa sùn tó: ẹ bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti àárọ̀

Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi ní Ìbàdàn, SS2 ló wà nígbà náà, tó máa ń gbé orí lé tábìlì kí iṣẹ́ tó dé ìdajì. Mo nà án lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà kẹta ni mo pè é síta, mo bi í léèrè ìgbà tó ń jí. Aago mẹ́rin ìdájí ni. Àkàrà ni ìyá rẹ̀ ń dín ní oríta, òun ló sì ń gbé ẹ̀wà lọ sí ẹ̀rọ. Kì í sùn kí aago mọ́kànlá tó lù. Wákàtí márùn-ún péré! Ó dùn mí pé mo nà án. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti na ọmọ kankan nítorí oorun mọ́, ohun tí mo sì ti ń bá àwọn òbí sọ láti ìgbà yẹn ni mo kọ síbí.

Ohun tí American Academy of Sleep Medicine sọ ní 2016 ni pé ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò oorun wákàtí 8 sí 10. Ọ̀pọ̀ wa rò pé wákàtí 6 ti tó fún ọmọ tó ti ga tó bàbá rẹ̀. Kò tó. Ẹ má sì sọ pé oríkunkun ni kò jẹ́ kó tètè sùn. Bí ọmọ bá ti ń bàlágà, aago inú ara rẹ̀ máa ń yí: melatonin, ohun tí ọpọlọ ń tú jáde lálẹ́ láti fi pe oorun, kì í tètè jáde mọ́ bíi ti ìgbà tó wà ní kékeré. Ojú rẹ̀ á dá ṣáká ní aago mẹ́wàá alẹ́, ìdájí ni oorun á wá dùn mọ́ ọn. Tìtorí èyí ni ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà ṣe ṣòfin ní 2019, tí òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022, pé ọ̀pọ̀ ilé-ìwé girama ìjọba wọn kò gbọdọ̀ wọlé ṣáájú 8:30 àárọ̀. Agogo tiwa ṣì ń dún ṣáájú aago mẹ́jọ, nítorí náà inú ilé ni a ti máa wá wákàtí oorun náà rí.

Ẹ ka aago sẹ́yìn

Ẹ mú bébà, kí ẹ̀yin àti ọmọ jọ jókòó. Ẹ kọ aago tó gbọ́dọ̀ fi ilé sílẹ̀. Ká ní 7:00 ni. Ẹ wá kọ gbogbo ohun tó ń ṣe láti ìgbà tó bá ti jí: ilẹ̀ gbígbá, omi pípọn, aṣọ lílọ̀, ìwẹ̀, àdúrà, oúnjẹ. Bí gbogbo rẹ̀ bá gba wákàtí kan ààbọ̀, 5:30 ló ń jí nìyẹn. Èwo ló lè kúrò ní àárọ̀? Ìgbàkígbà tí iná bá wà lópin ọ̀sẹ̀ ni kó lọ aṣọ ilé-ìwé gbogbo ọ̀sẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni kí omi kún dúrọ́ọ̀mù. Alẹ́ ni kó di báàgì rẹ̀. Bó bá ti lè jí ní 6:00, ẹ ka wákàtí 8 àti ìṣẹ́jú 15 sẹ́yìn: 9:45 alẹ́ ni orí gbọ́dọ̀ kan ìrọ̀rí.

Ní ti ìyá alákàrà, kò lè dáwọ́ iṣẹ́ dúró, mi ò sì sọ pé kó dáwọ́ dúró. Ibẹ̀ ni owó ìwé ọmọ ti ń wá. Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé ọmọ á máa bó ẹ̀wà kí ilẹ̀ tó ṣú. Aládùúgbò wọn kan tó ń ta mọ́ínmọ́ín, tó ń lọ sí ẹ̀rọ kan náà, sì gbà láti máa bá wọn gbé korobá wọn dání. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í jí ní 5:45.

Fóònù àti dátà òru

Ohun tí òbí kan kò mọ̀ ni pé dátà òru dín lówó ju ti ọ̀sán lọ dáadáa. Ọmọ tí kò lówó lọ́wọ́ á lajú sílẹ̀ dè é títí di aago méjìlá. Nílé tèmi, gbogbo fóònù, títí kan tàwa àgbà, pálọ̀ ló ń sùn láti 9:00 alẹ́. Mo sì ń ra dátà ọ̀sán díẹ̀ fún ọmọbìnrin mi lópin ọ̀sẹ̀, kó má bàa di pé ó ń jí òru lò. Ẹ ra aago kékeré tó ń dún fún un, nítorí àwáwí àkọ́kọ́ tí ẹ máa gbọ́ ni pé fóònù ló ń jí òun.

Ìwé òru

Ibí ló le jù, pàápàá bí WAEC àti JAMB bá ti ń sún mọ́lé. A ti jẹ́ kí àwọn ọmọ gbà pé akíkanjú ni ẹni tó bá kàwé mọ́jú, èyí tí wọ́n ń pè ní TDB: tó ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù, tó jẹ obì, tó tún mu kọfí lé e. Mo mọ̀ pé ọmọ náà ń tiraka. Ṣùgbọ́n ojú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tí a kà pamọ́. Ẹni tó kàwé tí kò sùn ń pọnmi sínú ajere ni. Kaféènì wà nínú obì bó ṣe wà nínú kọfí, èyí tó bá sì wọ ara ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ṣì máa wà níbẹ̀ ní aago mọ́kànlá. Kí ó má fẹnu kan ìkankan nínú wọn lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán.

Bó bá ti dé, kó jẹun, kó rẹjú fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kó kàwé láti 6:30 sí 8:30. Iṣẹ́ tó le jù ni kó fi bẹ̀rẹ̀, èyí tó fẹ́ há sórí ni kó fi parí. Bí ibi lesson kì í bá tú u sílẹ̀ títí di aago méje alẹ́ lójoojúmọ́, ẹ yọ ọjọ́ méjì kúrò níbẹ̀. Tíṣà ni mí, lesson wà lára ohun tí mo fi ń jẹun, mo ṣì ń sọ bẹ́ẹ̀.

Yàrá ńkọ́? Ìwẹ̀ omi tútù kó tó sùn, àwọ̀n ẹ̀fọn tí kò ya, bẹ́ẹ̀dì lẹ́bàá fèrèsé bí ooru bá mú. Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí fèrèsé náà, kì í ṣe nítorí ariwo nìkan: èéfín rẹ̀ ń pa èèyàn lójú oorun. Ẹ má fún ọmọ ní oògùn ikọ́ tàbí oògùn oorun kó lè sùn. Bó bá ń han-anrun gan-an, tí èémí rẹ̀ ń dá dúró kó tó tún gbéra, tàbí tí ìrònú kò jẹ́ kó sùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ mú un lọ rí dókítà.

Ẹ má pa á láṣẹ pé láti òní lọ, 9:45 ni. Ara kò ní gbà, ẹ ó sì jà. Bó bá ti ń sùn ní 11:00 tẹ́lẹ̀, ẹ fi ìṣẹ́jú 15 fà á sẹ́yìn, kó lo alẹ́ mẹ́ta níbẹ̀, kí ẹ tún fi 15 mìíràn fà á. Lópin ọ̀sẹ̀, ó lè sùn kọjá 6:00, ṣùgbọ́n kó má kọjá 7:30. Ó máa tó bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó dé 9:45.