Bí Ọwọ́ Bíréèkì Bá Ń Gbọ̀n, Ẹ Má Jù Ú Sílẹ̀

Ọjọ́ tí ABS, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há bí a bá fún bíréèkì, kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọwọ́ mi, mo rò pé bíréèkì alùpùpù mi ti bàjẹ́ ni. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ajá kan sì já lu títì lójijì. Mo fún bíréèkì iwájú mọ́ra, ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí níka, kí-kí-kí, bí ẹni pé nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tó fẹ́ jáde. Àyà mi já, mo jù ú sílẹ̀. Ajá yẹn ti kọjá kí n tó dé ibẹ̀, ìyẹn ló kó mi yọ. Èmi ni mo gba bíréèkì lọ́wọ́ ara mi lásìkò tó ń ṣiṣẹ́ jù lọ.

Táyà tó bá ń yí ló ń di ilẹ̀ mú dáadáa. Bí bíréèkì bá mú un le jù, tó há, ńṣe ni yóò máa yọ̀ lórí títì bí ọṣẹ lórí àwo. Bó bá jẹ́ ti ẹ̀yìn ló há, ìdí alùpùpù á máa fì sọ́tùn-ún sósì, ọ̀pọ̀ ìgbà lẹ ṣì lè dá a padà. Ti iwájú kò gba àforítì. Kó tó pé ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ lè ti wà nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ iwájú yẹn náà ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìdádúró, torí pé bí ẹ bá ti fún bíréèkì, gbogbo ìwúwo máa ń wọ́ síwájú ni.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ dísìkì, irin róbótó ara táyà tí bíréèkì máa ń fún mọ́. Ẹ ó rí òrùka irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n lu ihò yí ká. Sẹ́ńsọ̀ kékeré kan kọjú sí i, ó ń ka àwọn ihò náà bí wọ́n ṣe ń kọjá. Kọ̀ǹpútà ABS ń gba kíkà yìí láìsinmi. Bí eré táyà kan bá já wálẹ̀ ju bí odindi alùpùpù ṣe lè dẹwọ́ eré lọ, ó ti mọ̀ pé táyà yẹn fẹ́ há. Fáàfù kan á ti ọ̀nà tí ọ́ìlì bíréèkì ń gbà, kí agbára má baà pọ̀ sí i. Bí ìyẹn kò bá tó, fáàfù kejì á ṣí, agbára á dínkù, táyà á tún yí. Pọ́ǹpù á dá ọ́ìlì padà, bíréèkì á tún mú. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló ń ṣe èyí láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, òun ló sì ń ta yín níka. BMW ti fi irú rẹ̀ sára alùpùpù wọn tó ń jẹ́ K100 láti 1988.

Ẹ lọ kọ́ ọ níbi gbalasa, ilẹ̀ gbígbẹ, níbi tí ọkọ̀ kò sí. Ẹ sáré 30 kìlómítà ní wákàtí, lójú ọ̀nà tààrà. Bíréèkì ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi máa gbọ̀n. Lẹ́yìn náà, ti iwájú. Ẹ má já a gbà. Ẹ fún un bí ẹni ń fún ọsàn, kó máa le sí i. Ẹ fi orúnkún di táńkì mú, kí ẹ wo ọ̀ọ́kán. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ẹ má dẹwọ́ títí alùpùpù yóò fi dúró. Ẹ má ṣe máa tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tún máa fi sílẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ àwa tó ti ń gun alùpùpù tipẹ́. Kọ̀ǹpútà ti ń ṣe ìyẹn. Ìrọ̀lẹ́ méjì ni mo fi ṣe é kí ìka mi tó gbà.

ABS lásán kò mọ̀ bóyá alùpùpù dagun ní kọ́nà. Àwọn kan wà tó ní sẹ́ńsọ̀ tó ń mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ kí n tó wọ kọ́nà ni mo máa ń dín eré kù. Lórí yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́, ó lè pẹ́ kí ẹ tó dúró.

Iná ABS máa ń tàn bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, á sì kú bí ẹ bá ti rìn díẹ̀. Bí kò bá kú, bíréèkì ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n táyà lè há. Ó lè jẹ́ wáyà tó já, bátìrì tó rẹ̀, tàbí ẹrọ̀fọ̀ lásán. Bí mo bá gba inú ẹrọ̀fọ̀ kọjá, mi ò ní sùn láì fi aṣọ rírọ̀ nu ojú sẹ́ńsọ̀ méjèèjì.