Bí mo ṣe to ìwé ìtọ́kasí mi: láti orí ìwé Johnson dé orí ìwé inú fóònù

Nígbà tí mo parí orí tó gbẹ̀yìn nínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tí mo kọ fún oyè M.A., ìwé ìtọ́kasí, ìyẹn àtòjọ àwọn ìwé tí mo tọ́ka sí, nìkan ló kù. Alábòójútó iṣẹ́ mi ò sọ ju gbólóhùn kan lọ: "APA ẹ̀dà keje ni kí o lò o." APA ni ìlànà ìkọ̀wé àti ìtọ́kasí tí American Psychological Association ṣe. Orí bí àwọn òǹkọ̀wé ṣe kọ ìtàn Yorùbá láti ayé àwọn míṣọ́nnárì títí di òní ni iṣẹ́ mi dá lé. Ìwé tí mo kà kì í wá í ṣe oríṣi kan. Àwọn kan ti gbó sí ilé-ìkàwé, àwọn kan jẹ́ PDF, àwọn kan sì wà nínú fóònù mi.

Kí n tó tẹ lẹ́tà kan sínú kọ̀ǹpútà, mo kó gbogbo ìwé náà jọ, mo sì fi fóònù ya fọ́tò ojú ewé méjì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: ojú ewé àkọlé àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yìn yẹn, níbi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ àdàkọ wínníwínní sí, ni gbogbo ohun tí à ń wá wà. Èèpo ìwé ò ṣeé gbára lé. Ohun mẹ́rin ni APA ń béèrè: ta ló kọ ọ́, ọdún wo, kí ni àkọlé rẹ̀, ta ló tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀dà keje yìí, tó jáde ní October 2019, ò béèrè ìlú tí wọ́n ti tẹ ìwé mọ́. Ó dín iṣẹ́ kù lóòótọ́, àmọ́ ó dùn mí díẹ̀. Nínú irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe, pé wọ́n tẹ ìwé kan ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Èkó jẹ́ apá kan nínú ìtàn náà fúnra rẹ̀.

Ìwé tó gba àkókò mi jù ni The History of the Yorubas tí Samuel Johnson kọ. Pásítọ̀ ni Johnson ní Ọ̀yọ́, ó sì parí ìwé náà ní 1897. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí England kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́, ó sì sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, kó àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ jọ, ó sì tún ìwé náà kọ. Ní January 1916, ó fi í ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń jẹ́ Appam. Ogun ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà, ọkọ̀ ogun Jámánì gba Appam lójú omi, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Síbẹ̀ ìwé náà ò ṣègbé. Routledge tẹ̀ ẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1921, ọdún kan lẹ́yìn tí Obadiah náà ti papò dà.

Ọdún wo wá ni kí n kọ? Ẹ̀dà tí mo kà ni èyí tí Cambridge University Press tún gbé jáde ní 2010, lórí kọ̀ǹpútà sì ni mo ti kà á. Ìlànà APA ni pé ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ ẹ gan-an ni kí o tọ́ka sí. Nítorí náà, 2010 ló wọ inú àkámọ́ lẹ́yìn orúkọ Johnson, Cambridge ni mo kọ gẹ́gẹ́ bí atẹ̀wé, mo sì fi gbólóhùn "Original work published 1921" sínú àkámọ́ níparí. Nínú àlàyé mi, ó di (Johnson, 1921/2010). Ọdún méjèèjì yìí ṣe pàtàkì. Tí mo bá kọ 2010 nìkan, ẹni tí ò mọ̀ lè rò pé ẹgbẹ́ wa ni Johnson. Ti 1897 ò láyè nínú ìtọ́kasí rárá. Inú àlàyé ni mo ti sọ ìtàn rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ṣe PhD wo iṣẹ́ náà, ó ní, "Àbúrò, kí ló dé tí o ò kọ Obadiah mọ́ òǹkọ̀wé? Ṣebí òun ló tún un kọ." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ojú ewé àkọlé." Olóòtú ni wọ́n pè é níbẹ̀. Torí náà, orúkọ rẹ̀ wọ inú àkámọ́ lẹ́yìn àkọlé, pẹ̀lú "Ed." Èmi náà rò pé ohun tó ṣe ju ti olóòtú lọ, ṣùgbọ́n ìwé ìtọ́kasí kọ́ ni ibi tí èèyàn ti ń jà fún un.

Tó bá jẹ́ pé ẹ̀dà 1921 tí wọ́n ya sórí Internet Archive, ilé-ìkàwé ọ̀fẹ́ orí ayélujára, ni ìwọ lò, 1921 nìkan ni wàá kọ, Routledge ni atẹ̀wé, líǹkì yóò sì tẹ̀ lé e. Tí o bá sì rí "reprinted" lẹ́yìn ojú ewé àkọlé ìwé kan, ìyẹn ò sọ ọ́ di ẹ̀dà tuntun. "Second edition" ló ń sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, òun la sì ń kọ sínú àkámọ́ lẹ́yìn àkọlé.

Ìwé orí ẹ̀rọ rọrùn ju bí mo ti rò lọ. Mo lo ìwé J. D. Y. Peel tó sọ nípa ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì, Ìsìláàmù àti ti òrìṣà, èyí tí University of California Press gbé jáde ní 2016. Ọ̀fẹ́ ni lórí Luminos, ìkànnì ìwé ọ̀fẹ́ atẹ̀wé náà, ó sì ní DOI, ìyẹn nọ́ńbà ìdámọ̀ tí kì í yí padà lórí ayélujára. Bí mo ṣe kọ ìwé tí a tẹ̀ sórí bébà náà ni mo ṣe kọ ọ́, mo wá fi DOI sí i níparí, láti https://doi.org/ lọ, láìsí àmì ìdánudúró lẹ́yìn rẹ̀. A kì í kọ irú ìwé orí ẹ̀rọ tó jẹ́, bíi "Kindle" tàbí "EPUB", mọ́ bí ohun tó wà nínú rẹ̀ bá jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti bébà. Èyí tí mo rí nípasẹ̀ ilé-ìkàwé yunifásítì tí kò sì ní DOI, mi ò fi líǹkì kankan sí i, torí ẹni tí ò ní páásíwọ́ọ̀dù ò lè ṣí i.

Ojú ewé ni wàhálà tó wà níbẹ̀. Nínú fóònù, bí o bá mú lẹ́tà tóbi sí i, iye ojú ewé á yí padà. Kindle ní nọ́ńbà tiẹ̀ tó ń pè ní "location", àmọ́ APA ò gbà á. Ohun tí wọ́n ní ká ṣe ni pé ká sọ orí tàbí ìsọ̀rí tí ọ̀rọ̀ náà wà, ká sì ka ìpínrọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsọ̀rí yẹn. Mo kà á títí ọrùn fi ń dùn mí. Ìgbà tó yá, mo wá PDF àwọn ìwé náà, tí ojú ewé wọn bá ti bébà mu, mo sì ń kọ "p." tàbí "pp." Ẹni tó bá mọ̀ pé òun yóò fa ọ̀rọ̀ yọ nínú ìwé kan, PDF ni kó tètè wá.

PDF tí wọ́n ń pín lórí WhatsApp ńkọ́? Púpọ̀ nínú wọn ò ní ojú ewé àkọlé. Mo wá àkọlé wọn lórí WorldCat, àkójọ orúkọ ìwé inú àwọn ilé-ìkàwé káàkiri ayé, mo fi iye ojú ewé wé ara wọn. Èyí tí kò bá bá ẹ̀dà kankan mu, mo pa á tì, mo lọ wá ìwé náà ní Kenneth Dike Library, ilé-ìkàwé yunifásítì, n’Ìbàdàn.

Orúkọ àwọn èèyàn wa náà gba sùúrù. Lára ìwé ìjálá tí Oxford gbé jáde ní 1966, S. A. Babalola ni wọ́n kọ. Nínú àwọn iṣẹ́ mìíràn, ẹni kan náà ni Adébóyè Babalọlá. Bó ṣe wà lára ìwé kọ̀ọ̀kan ni mo kọ ọ́. Àkọlé Yorùbá, mo fi àmì ohùn rẹ̀ sílẹ̀, mo sì fi ìtumọ̀ rẹ̀ sínú àkámọ́ onígun lẹ́yìn rẹ̀, torí èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ iṣẹ́ náà. Lẹ́tà ńlá ò pọ̀ nínú àkọlé APA, nítorí náà ìwé Wándé Abímbọ́lá ti 1968 di Ìjìnlẹ̀ ohùn ẹnu Ifá. Ifá dúró gẹ́gẹ́ bí orúkọ. Zotero, ètò orí kọ̀ǹpútà tí mo fi ń kó wọn jọ, dára, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ tó ń fà láti inú ISBN, nọ́ńbà ìdámọ̀ ìwé, sábà máa ń wá láìní àmì ohùn, torí náà ọwọ́ ni mo fi dá gbogbo wọn padà.

Níkẹyìn, mo fi Ctrl+F wá orúkọ kọ̀ọ̀kan nínú iṣẹ́ náà. Ìwé tí mo kà tí mi ò sì tọ́ka sí, mo yọ ọ́, bó ti wù kó dùn mọ́ mi tó, torí APA ò fẹ́ ju èyí tí a tọ́ka sí lọ. Nínú Word, mo fi Ctrl+T ti ìlà kejì ìtọ́kasí kọ̀ọ̀kan sínú, mo fẹ àyè àárín ìlà, mo sọ ọ́ di PDF, mo sì fi ránṣẹ́ sí alábòójútó mi.