Ẹ Má Pa Olùrànlọ́wọ́ Yín Nínú Oko Ìrèké

Bí àgbẹ̀ bá ti rí ihò lára ìrèké, oògùn apakòkòrò ló máa ń sáré lọ pò. Ẹ fi ọ̀bẹ la irú ìrèké bẹ́ẹ̀ wò ná. Ẹ ó rí ojú ọ̀nà tóóró tó ti pọ́n, ìgbẹ́ tó dà bí lẹ́búlẹ́bú igi, àti ìdin àfòpiná tó jókòó pẹ̀sẹ̀ síbẹ̀. Oògùn tẹ́ ẹ fín sórí ewé kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Agbọ́n kéékèèké tó ń wá ìdin náà kiri lóde ni oògùn yín máa pa.

Ọ̀kan nínú wọn ni Cotesia flavipes. Ó máa ń gba ojú ihò wọlé tọ ìdin lọ, á gún un, á sì yé ẹyin sí i nínú. Àwọn ọmọ á máa jẹ ẹ́ láti inú, títí wọ́n á fi dá awọ rẹ̀ lu jáde, tí kálukú á ran ilé funfun bí òwú yí ara rẹ̀ ká. Àṣìṣe tó ń dùn mí jù nìyí: ẹni tó rí òwú yẹn á ní àrùn tuntun ti dé, á sì tẹ̀ ẹ́ pa. Agbọ́n tó lé ní 30 lè wà nínú ìdì kan!

Agbọ́n mìíràn ni Trichogramma, kò tó mílímítà 1. Inú ẹyin àfòpiná lòun ń yé tiẹ̀ sí, ẹyin náà á sì dúdú kirikiri láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹ má já ewé tí ẹyin dúdú náà wà lára rẹ̀ sun. Tó bá jẹ́ pé rírà lẹ fẹ́ rà á, ẹ má dúró dìgbà tí ìdin ti wọ inú ìrèké, torí ẹyin nìkan ló ń pa. Ẹ má tú u sílẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ẹ má sì gbé e síbi tí èèrà ti lè kó o jẹ.

Ìrèké tó nihò kì í ṣe èyí tí à ń gé gbìn o.

Ẹ má sì kó ẹranko tó ń jẹ gbogbo nǹkan wọlé. Ní 1935, wọ́n kó nǹkan bí ọ̀pọ̀lọ́ 100 láti Hawaii lọ sí Queensland ní Ọsirélíà, kí wọ́n lè bá wọn jẹ ọ̀bọ̀n-ùn-bọn-ùn inú oko ìrèké. Òkè lórí ewé ni ọ̀bọ̀n-ùn-bọn-ùn wà, ìdin rẹ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀ nídìí gbòǹgbò; ọ̀pọ̀lọ́ kò lè gun ìrèké, kò sì walẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ìdin. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ náà kàn ń bí sí i ni. Títí dòní, oró ara wọn ṣì ń pa ejò àti alángbá tó bá gbé wọn mì.